Igi Ọsàn Inú Yàrá Tákàbá

Ìka ìyá àgbà mi ti wọ inú yẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì, kò sì yọ ọ́. Ó di ojú, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní yàrá kejì. Iná funfun mẹ́rin tó rọ̀ sókè igi ọsàn náà ń tàn sórí ìborùn rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni, òórùn èéfín igi ìdáná àti ti ẹ̀kọ gbígbóná sì ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tó yọ ìka náà jáde, ẹrẹ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ ọn, omi sì ń kán ní èékánná rẹ̀. Ó gbé e sí imú.

"Ó ti ń rùn," ló wí. Ó wá yíjú sí gbogbo àwa tí a wà nínú yàrá, ó sì béèrè ní ohùn ẹni tó ń wá ẹran tó sọnù nínú ìkòkò ọbẹ̀: "Ta ló ń fún igi yìí lómi?"

Bàbá mi gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ìyá mi wo bàbá mi. Èmi wo ẹsẹ̀ mi, nítorí mo mọ ẹni tó ń fún un lómi.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ìyá àgbà mi sì wà nínú tákàbá. Bẹ́ẹ̀ là ń pe oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú máa fi jókòó sílé. Kì í jáde àfi tó bá di dandan. Kì í lé tìróò, kì í lé làálì, kì í wọ aṣọ tó ń dán, kò sì gbọdọ̀ fi lọ́fíńdà kan ara. Wọ́n ní kí n máa sùn nínú yàrá rẹ̀ kó má baà dá wà, torí wọ́n ní n kì í han-anrun, mo sì mọ bí a ti ń dákẹ́. Òótọ́ ni ti àkọ́kọ́. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi nínú ti èkejì.

Kí bàbá àgbà mi tó kú, igi ni ìyá àgbà ń tà. Ẹ̀bá títì kan létí GRA ló pàtẹ sí, níbi tí àwọn onímọ́tò ti máa ń dúró ra òdòdó, máńgòrò àti ọsàn tó ṣì wà nínú ọ̀rá dúdú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ igi. Ó máa ń fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan yọ ojú lára igi ọsàn dídùn, á la èèpo òroǹbó kíkan, á ki ojú náà bọ̀ ọ́, á fi ọ̀rá wé e, kí oṣù kan sì tó pé, méjèèjì á ti di igi kan ṣoṣo. "Ìdí kíkan ló lágbára," ló máa ń wí fún àwọn oníbàárà rẹ̀, "orí dídùn ló lérè. Bí èmi àti ọkọ mi náà ṣe rí nìyẹn." N ò gbọ́ kó sọ rí ẹni tó jẹ́ ìdí nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n bàbá àgbà máa ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀.

Igi ọsàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí ìyá tó bí bàbá àgbà gbìn. Abẹ́ rẹ̀ ni bàbá àgbà máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Alásárì, pẹ̀lú tẹ̀súbáà àti kìtáàbù rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá lọ tán, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọwọ́ kan ilẹ̀, òdòdó funfun á máa já bọ́ sórí fìlà rẹ̀, kò sì ní gbọ̀n ọ́n dànù. Bó ṣe máa wọlé wá jẹun nìyẹn, òun àti òdòdó lórí. Ọdún kan kó tó kú ni ìjì wó igi náà. Kí ewé rẹ̀ tó rọ, ìyá àgbà ti yọ ojú mẹ́ta lára rẹ̀, ó ti lọ́ wọn mọ́ òroǹbó kíkan mẹ́ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yè.

Àgbò ló ba nǹkan jẹ́. Èyí tí wọ́n rà fún sàráà ọjọ́ kẹjọ bàbá àgbà já okùn lẹ́yìnkùlé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ó ti jẹ méjì nínú igi náà dé ìdí. Nígbà tí wọ́n dúńbú rẹ̀ tí wọ́n sì bu ẹran wá fún ìyá àgbà, ó ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. "Ọsàn ọkọ mi ló wà ní ikùn ọ̀daràn yẹn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ ọ̀fọ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín. Igi kan ṣoṣo ló kù. Tí ìyẹn náà bá kú, ọsàn tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbìn ti tán láyé nìyẹn, kò sí ibi tí a ti lè rí ojú rẹ̀ yọ mọ́.

"Eléyìí, iwájú mi ni yóò máa gbé," ló wí. Ó lọ́ ọ sínú rọ́bà ọ̀dà kan tó ti dá ihò sí nídìí, ó gbé e wọ yàrá.

Ṣùgbọ́n yàrá ilé àtijọ́ ni yàrá yẹn. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, aládùúgbò sì ti mọ ògiri búlọ́ọ̀kù síbi tí igi àtijọ́ wà, tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan ibẹ̀ dà bí ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí igi náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í na ọrùn sí fèrèsé, tí ewé rẹ̀ ń ṣá bí ewé tó wà lábẹ́ òkúta. Bàbá mi, tó ń ta wáyà àti súwíìsì ní Táíwò Road, gbé gílóòbù ńlá kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Iná rẹ̀ pupa, ó sì gbóná débi pé èèyàn lè fi yan àgbàdo. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, ewé òkè ti jó.

"Mo ní kó o bá mi mú oòrùn wá," ìyá àgbà wí fún un. "Jàhánnámà lo gbé wá."

Lẹ́yìn náà ló mú àwọn funfun wá, irú èyí tí èèyàn lè fọwọ́ bà kó má jóni. Mẹ́rin ni. A fi okùn so wọ́n rọ̀ mọ́ ọ̀pá tí bàbá àgbà máa ń fi aṣọ kọ́. Ó gbé sólà kékeré kan sórí òrùlé, ó sì fi bátìrì sábẹ́ ibùsùn, torí iná ìjọba ò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ṣónṣó ìka ni ìyá àgbà máa ń fi wọn àyè tó wà láàárín iná àti ewé. Bí igi bá ga sí i, á fa okùn sókè. Ó fi jàlàbíyà funfun bàbá àgbà kọ́ sára ògiri lẹ́yìn igi náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta padà sí ẹ̀yìn ewé. Àwọn tó ń wá kí i máa ń rí aṣọ yẹn, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní ìfẹ́ ọkọ ló ń ṣe é. Wọn ò mọ̀ pé aṣọ náà wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kò jẹ́ kí iná náà máa tàn tọ̀sán-tòru bí bàbá mi ṣe fẹ́. Tí a bá kírun Àsùbáà tán ló ń tàn án, tí a bá kí Ìṣáì tán ló ń pa á. "Ohun tí kì í sùn kì í so," ló wí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ó máa ń yí rọ́bà náà díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà jẹ ìmọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Ó máa ń fi aṣọ tútù nu ewé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tinú tẹ̀yìn, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ọmọ tó ń sùn, nítorí ó ní igi tí afẹ́fẹ́ ò bá mì kì í ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Bàbá mi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé igi yẹn ń jí kírun jù mí lọ. Òótọ́ ni.

Ewé tuntun yọ. Inú wa dùn. Lẹ́yìn náà, nígbà tí tákàbá ti lé ní oṣù méjì, ewé náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó ń rọ, ó ń já, bẹ́ẹ̀ ni iná wà níbẹ̀ tó ń tàn. Ohun tó mú kí ìyá àgbà ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn, tó fi ń béèrè ẹni tó ń fún igi lómi.

Mo ti sọ pé mo mọ ẹni náà. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé a pọ̀.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, tí píọ̀ wọ́tà bá kù díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń dà á sídìí igi. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o, Màmá," ló wí. "Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́." Ìyá mi ní òun kàn máa ń da omi tó bá ṣẹ́kù nínú búútà lẹ́yìn àlùwàlá, kó má baà ṣòfò. Ìyá àgbà rántí fúnra rẹ̀ pé àwọn tó ń wá kí òun kú aráfẹ́rakù, tí a bá gbé omi fún wọn, wọ́n á mu ìlàjì, wọ́n á da ìlàjì síbẹ̀, wọ́n á ní kí làádá rẹ̀ máa bá bàbá lọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí èèyàn mẹ́wàá máa ń wá.

Tèmi ló burú jù. Lẹ́yìn ilé ìwé, ilé kéú ni mo máa ń lọ. Tí a bá parí ẹ̀kọ́, a máa ń fọ wàláà wa, pátákó tí a ń fi tàdáwà kọ Kùránì sí. Omi tí a fi fọ̀ ọ́ ni hàntú. Wọ́n ní ó máa ń la orí ọmọdé, ó sì máa ń wo àìsàn, Áfáà sì máa ń bu díẹ̀ fún wa mu. Láti ọjọ́ tí ewé igi náà ti kọ́kọ́ pọ́n ni n ò ti mu tèmi mọ́. Inú agolo tòmátò ni mò ń bù ú sí, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wálé bí ẹni gbé ẹyin, mo ń dà á sídìí igi nígbà tí ìyá àgbà bá wà lórí ìrun. Bí ewé bá ṣe ń já sí i, bẹ́ẹ̀ ni mò ń bù ú kún sí i, mo tiẹ̀ ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí wọ́n fún mi ní tiwọn. Mo fẹ́ràn bàbá àgbà mi gidi gan-an. Èrò mi ni pé tí igi yẹn bá kú, ó kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, èmi tí mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì máa bi.

"Èmi ni," mo wí, mo bú sẹ́kún, mo ro gbogbo ẹjọ́ náà nínú ẹkún.

Ìyá àgbà wò mí títí. "Súrà wo ló wà nínú rẹ̀?"

"Láti Alamutará dé Kúlíyà."

"Ó dáa," ló wí. "Igi yìí ti kéú jù ẹ́ lọ."

Bàbá mi sá jáde lọ rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà ò nà mí, kò bá mi wí. Ó fà mí mọ́ra, ó mú ìka mi, ó kì í bọ yẹ̀pẹ̀ náà. Ó tutù, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí omi tó pẹ́ nínú ìkòkò. "Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ò ṣe é ní nǹkan kan, ìyá mi," ló wí. "Omi ló pọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ò rí èémí mí. Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè nínú wa. Kó o tó fún un, fi ìka bi í. Tó bá tutù, ó ti yó, fi í sílẹ̀. Tó bá gbẹ dé oríkèé kejì, ebi ń pa á nìyẹn."

Ó ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ fún un ní omi mọ́ àfi tí òun bá ní bẹ́ẹ̀. Bàbá mi fi irin gbígbóná lu ihò mìíràn sídìí rọ́bà náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, igi tó ń ṣàìsàn dúró níwájú wa, a ò sì ṣe nǹkan kan fún un ju iná lọ. N ò mọ ohun tó le tó ìyẹn. Ewé ṣì ń já. Láràárọ̀ tí mo bá jí, mo máa ń ka èyí tó kù, títí ó fi ku mọ́kànlá. Mo sọ fún ìyá àgbà pé ó ti ku mọ́kànlá. Ó ní òun mọ̀. Ẹ̀rù ń ba òun náà, torí ní ìrọ̀lẹ́ kan mo bá a tó fọwọ́ lé ìdí igi náà, tó ń kì í ní oríkì bàbá àgbà jẹ́jẹ́. Nígbà tó rí mi, ó ní eruku lòun ń nù.

Ọjọ́ tí ìka rẹ̀ jáde ní gbígbẹ, ó pè mí. Ife omi kan ṣoṣo, èmi ló ní kí n dà á. Mo rọra dà á yí ìdí igi náà ká.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ewé kékeré fi yọ ní orí mẹ́ta. Láàárín ewé náà, nǹkan funfun tínńtín bí hóró ìrẹsì yọ pẹ̀lú. Ìyá àgbà gbé awò ojú bàbá àgbà wọ̀ kó tó gbà gbọ́. Ó ní bó ṣe máa ń rí nígbà mìíràn nìyẹn. Igi tó bá jìyà òǹgbẹ, tó wá rí omi lójijì, ó lè yọ òdòdó láìròtẹ́lẹ̀.

Òdòdó náà là. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òórùn òdòdó ọsàn níta gbangba, ẹ ò tíì gbọ́ ọ nínú yàrá amọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ ò ju ọwọ́ méjì lọ. Ó wọ aṣọ, ó wọ ẹní, ó wọ irun mi. Àwọn ọmọ ilé kéú bi mí pé kí ni mo fi para.

Mo mọ̀ pé á já a, torí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún pé òdòdó ọdún kìíní àti ti ọdún kejì, kí wọ́n já a dànù, ọmọdé kì í bímọ. Mo bi í ìgbà tí a máa já a. Ó ní ọ̀la. Nígbà tí ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la. Ohun mìíràn tí mo tún ṣàkíyèsí ni ẹní tó fi ń sùn. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń tẹ́ ẹ sí látilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń sún un lójoojúmọ́, títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rọ́bà náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà máa ń wá kí i, tí wọ́n bá ti kírun tán. Obìnrin gíga tó gbẹ ni, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kì í sì í rẹ́rìn-ín lásán. Ìyàwó ló ń pe ìyá àgbà mi títí di ọjọ́ yẹn, òun tó ti ní ọmọ-ọmọ tó tó mi. Ìyá àgbà ò sì pe orúkọ rẹ̀ rí. Ìyá Ọkọ Mi ló máa ń pè é, lórí ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ìyá náà bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó dúró.

"Ìyàwó, kí ni mò ń gbóòórùn rẹ̀ nínú yàrá tákàbá?"

Ẹnu mi yá. "Ọsàn ni, Ìyá. Igi ni. Ẹ wò ó níbí."

"Mo rí igi. Ojú mi ò fọ́. Ìyá ẹ ni mò ń bá sọ̀rọ̀." Ó jókòó sórí àpótí. "Àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé ò rí igi kankan o. Òórùn ni wọ́n ń gbọ́. Lánàá, wọ́n bi mí lójú ọ̀nà pé ṣé ìyàwó àbúrò mi ti ń pa lọ́fíńdà ni, òun tí tákàbá rẹ̀ ò tíì tán. N ò mọ èsì tí mo máa fọ̀."

Bàbá mi dáhùn láti ẹnu ọ̀nà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bi Áfáà. Igi tó bá yọ òdòdó fúnra rẹ̀, ó ní kò lè jẹ́ lọ́fíńdà láé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, a ti jàre. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà mi gbé ọwọ́ sókè sí i.

"Má yọ Áfáà lẹ́nu," ló wí. "Èmi ni."

Ó kúnlẹ̀ síbi tó wà. "Ìyá Ọkọ Mi, n ò fi nǹkan kan kan ara. Wàláì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹní mi wà. Ó yẹ kí n ti já òdòdó yìí látìgbà tó ti wà bí hóró ìrẹsì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi ni. N ò lè já a. Tí mo bá di ojú, ó ti ìdí igi dé, ó ń bọ̀ wá jẹun, òdòdó wà lórí fìlà rẹ̀. Òórùn ọkọ mi ni mò ń gbọ́. Mo sì ń gbádùn rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi ni mo dá a, kì í ṣe igi."

Mo gbọ́ ẹyẹlé lórí páànù. Ìyá náà dìde, ó rọra rìn lọ síbi igi, ó tẹ̀ síwájú títí òdòdó fi kan imú rẹ̀, kò sì nàró. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá wa ló gbìn ín," ló wí láìyíjú. "Èmi ni mò ń pọn omi sí i. Àbúrò mi ò tíì rìn nígbà náà. Ẹ̀yìn mi ló wà."

Ìyá àgbà mi ń sunkún, bàbá mi ti yíjú sí ìta, èmi náà ń sunkún láìmọ ẹni tí mò ń sunkún fún nínú wọn. Nígbà tó yá, ìyá náà nu ojú.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mọ́kàndínlógún."

"Já a, ìyàwó. Ó ti kù díẹ̀ kó o parí rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan sọ sí i."

Ìyá àgbà mi dìde, ó fi èékánná já òdòdó náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ kí èyíkéyìí bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó já a tán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kún. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ò sí nínú tákàbá," ló wí. "Ẹ bá mi gbóòórùn rẹ̀."

Ìyá náà tú aṣọ ìnujú funfun kan láti etí ìró rẹ̀. Ó dì í sínú rẹ̀, ó ta á ní kókó méjì, ó lọ.

Ọjọ́ tí tákàbá tán, ilé kún. Ìyá àgbà ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tuntun, àwọn obìnrin ń dín màsà fún sàráà, òróró ń ta pàrà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ yàrá. Kò jókòó. Ó yọ aṣọ ìnujú funfun náà, kókó méjì rẹ̀ sì wà bó ṣe ta á.

"Gba ẹrù rẹ, ìyàwó," ló wí. "N ò gbé e sí imú. Ṣé èmi nìkan ni mo máa wá dá gbọ́ ọ ni?"

Àwọn méjèèjì jókòó sórí ẹní, wọ́n tú u. Òdòdó náà ti gbẹ, ó ti pọ́n bí ewé tábà, òórùn rẹ̀ ò sì pọ̀ mọ́. Wọ́n fi orí kan orí lórí aṣọ kékeré yẹn, wọ́n ń gbọ́ ọ. Wọ́n lé mi jáde.

Ilẹ̀ ìyá náà ni wọ́n gbin igi sí lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù yí i ká nítorí ìran àgbò. Ọdún kejì, wọ́n já òdòdó rẹ̀. Ọdún kẹta, wọ́n fi í sílẹ̀, ó so ọsàn mẹ́rin, mo jẹ nínú rẹ̀. Mi ò ní purọ́, ó kan díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà pẹ̀lú mi lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn ìyá méjèèjì ti lọ báyìí. Ìyẹ̀wù kan lórí òkè àkọ́kọ́ ní àdúgbò Ṣàngó ni mò ń gbé, mi ò ní ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n igi kan wà nínú rọ́bà ọ̀dà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi, ojú rẹ̀ láti ara igi yẹn ni, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi lọ́ ọ. Iná funfun wà lókè rẹ̀, láti ìgbọ̀nwọ́ dé ṣónṣó ìka. Mo ń tàn án ní Àsùbáà, mo ń pa á ní Ìṣáì. Àwọn àlejò mi máa ń fẹ́ da omi tí wọ́n mu kù sí i, mo sì máa ń gba ife lọ́wọ́ wọn. Mo ti mú àṣà yẹn kọjá ọ̀rọ̀ igi. Tí mo bá fẹ́ràn ènìyàn, mo máa ń bi í ohun tó fẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún un. Ó ti dá mi dúró lọ́pọ̀ ìgbà níbi tí ǹ bá ti ba nǹkan jẹ́. Àwọn ìgbà tí n ò bá bi í, mo máa ń kábàámọ̀ rẹ̀.

Aṣọ ìnujú náà wà lọ́wọ́ mi. Kò ní òórùn kankan mọ́.

Ọdún kìíní tí igi mi yọ òdòdó, mo já a. Ọdún kejì, mo já a. Ọdún kẹta rèé. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti là, òórùn rẹ̀ ti dé ibi àtẹ̀gùn, obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ sì bi mí láàárọ̀ yìí pé lọ́fíńdà wo ni mò ń lò. Mo ní ti ìyá àgbà mi ni. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀, ó ṣì tutù. Mo fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sún ẹní mi mọ́ ọn.